Ohun Tí Ewé Ọsàn Inú Ìkòkò Ń Wí

Igi ọsàn tó wà nínú ìkòkò kò ní ìbátan láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ. Igi tó dúró sínú ilẹ̀ lè wá oúnjẹ ara rẹ̀: bí omi bá tán níhìn-ín, gbòǹgbò rẹ̀ á yà sí ọ̀hún, bí iyẹ̀pẹ̀ ojú ilẹ̀ bá ṣá, gbòǹgbò á walẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Igi inú ìkòkò kò ní ibi tí yóò yà sí. Ohun tí a bá bù fún un ló máa mu, ohun tí a kò bá sì bù fún un, kò sí ẹlòmíì tí yóò fún un. Ìdí nìyí tí ewé rẹ̀ fi ń tètè pọ́n. Ìdí nìyí náà tí mo fi gbà pé ewé tó pọ́n lórí igi inú ìkòkò, ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń sọ. Ó gba aráyé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó mọ ohun tí ewé náà ń wí. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n a máa sáré ra oògùn kí ó tó wo ewé.

Deptford ni mo ń gbé, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Lẹ́yìnkùlé bàbá mi ní Òkè-Àdó, igi ọsàn wà tí n kò rí ẹni tó bomi rin ín rí. Òjò ń rọ̀ sí i, ewé ń jẹrà sábẹ́ rẹ̀, àwa ọmọdé ń gùn ún, ó sì ń so. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba, òórùn òdòdó ọsàn yẹn ni àárò rẹ̀ sọ mí jù, ni mo bá ra lẹ́mọ́ọ̀nù kékeré kan sínú ìkòkò amọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ará àdúgbò ti ń na fóònù sí mi láti fi àwòrán ewé hàn mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ló ń ṣe é?" Kí n má baà máa fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìwé ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti wo ewé yìí ṣáájú mi.

Ìwé tó pẹ́ jù nínú wọn wá láti Ṣáínà. Ní 1178, Han Yanzhi, gómìnà ìlú Wenzhou, kọ ìwé kan tó pè ní Ju Lu, ọsàn nìkan ló sì kọ ọ́ lé lórí. Oríṣi ọsàn 27 ló tò síbẹ̀, pẹ̀lú bí a ṣe ń gbìn wọ́n, bí a ṣe ń ká wọn àti bí a ṣe ń pa wọ́n mọ́. Nígbà tó kan àìsàn igi, méjì ló dárúkọ: ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù bo èèpo igi, àti kòkòrò tó ń lu igi nínú. Ewé pípọ́n kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun kan tó wúlò títí dòní: kí á mọ ebè ga fún ọsàn, kí á sì la ojú àgbàrá fún omi kí ó lè ṣàn lọ. Àwọn àgbẹ̀ Wenzhou ti mọ̀ pé ọsàn fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí gbòǹgbò òun mù sínú rẹ̀.

Ìkòkò wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn igi tí ojú ọjọ́ wọn kò gbà. Ọsàn kò lè fara da yìnyín. Bí a bá gbìn ín sílẹ̀ ní Paris, ìgbà òtútù kan ṣoṣo á pa á. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n gbìn ín sínú àpótí. Wọ́n á gbé e síta nígbà ooru, wọ́n á sì gbé e wọlé kí òtútù tó dé. Igi kan wà nínú wọn tí àwọn ará Faransé ń pè ní Grand Connétable. Ìtàn sọ pé ní 1421 ni wọ́n gbin kóró rẹ̀ ní Pamplona, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Sípéènì lónìí. Ó ń bọ́ láti ọwọ́ ọlọ́lá kan sí ọwọ́ òmíràn. Nígbà tí ọba François Kìíní gba dúkìá Charles ti Bourbon, ẹni tó jẹ́ ọ̀gágun àgbà rẹ̀, igi náà wà lára ohun tí ọba kó lọ sí ààfin Fontainebleau. Ní 1684, Louis XIV ní kí wọ́n gbé e wá sí Versailles. Ó sì wà láàyè di apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Igi tó lo ju 400 ọdún lọ nínú àpótí! Ọba ń kú, ọba ń jẹ, wọ́n tilẹ̀ bẹ́ ọba kan lórí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà náà, ẹnì kan ń bomi fún igi yẹn.

Jules Hardouin-Mansart ló kọ́ ilé tí wọ́n ń kó irú igi bẹ́ẹ̀ sí ní Versailles, láàárín 1684 àti 1686. Ilé náà gùn ju mítà 150 lọ, ògiri rẹ̀ sì nípọn ju mítà 4 lọ. Gúúsù ni àwọn fèrèsé ńláńlá rẹ̀ kọjú sí, kí oòrùn ìgbà òtútù lè wọlé. Títí dòní, ìdajì oṣù karùn-ún ni wọ́n ń kó àwọn igi náà jáde, ìdajì oṣù kẹwàá sì ni wọ́n ń kó wọn padà, igi tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Àpótí wọn gan-an ló yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Pákó ni wọ́n fi kàn án, ó ní igun mẹ́rin, irin sì dì í mú yíká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣí bí ilẹ̀kùn. Bí àkókò bá tó, olùtọ́jú ọgbà á tú irin náà, á ṣí ẹ̀gbẹ́ kan, gbòǹgbò á sì fara hàn gbangba. Èyí tó ti dúdú tó sì ti jẹrà, á gé e dànù. Èyí tó ti ń ká ara rẹ̀ po nítorí àìsí àyè, á gé e kúrú. Á yọ iyẹ̀pẹ̀ tó ti ṣá, á ki tuntun bọ̀ ọ́, á sì ti ilẹ̀kùn náà padà, láìfa igi tu. Àwọn ènìyàn yìí kò gbọ́ orúkọ náítírójìn rí. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn ewé ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣe àpótí tí ojú wọn fi lè dé ibẹ̀. Jean-Baptiste de La Quintinie, ẹni tó ń bójú tó ọgbà èso àti ẹ̀fọ́ Louis XIV, kọ ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ọsàn pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1690, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

John Evelyn ló tú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1693. Deptford níbí ni Evelyn ti ní ọgbà tirẹ̀, ní Sayes Court. Ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan ṣì ń jẹ́ orúkọ náà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn débẹ̀ láti ilé mi. Evelyn ti lọ wo ọsàn ìdílé Carew ní Beddington, ní Surrey, èyí tí wọ́n gbìn sílẹ̀ gan-an láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, tí wọ́n ń fi ahéré onípákó àti iná dáàbò bò lọ́dọọdún. Wọ́n pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n òtútù líle ọdún 1739 sí 1740 ló pa wọ́n. Ohun tí mo fi ń yin Evelyn ni pé ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà rẹ̀ kò rí. Àwọn olówó ń dáná sínú ilé tí igi wà, wọ́n rò pé ooru ni gbogbo nǹkan, kò sì sí afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọlé. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1691, ó ya àwòrán sítóòfù tí a gbé síta, tí afẹ́fẹ́ tuntun ń gba inú páìpù kọjá lára iná kí ó tó wọlé bá igi. Ooru nìkan kò tó. Ewé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́.

Ewé tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, èyí ni ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi kọ́gbọ́n. Ní 1761, William Chambers kọ́ ilé ọsàn kan síbẹ̀ fún Ọmọọba Augusta. Ilé tó rẹwà ni, ó ṣì wà níbẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ kì í ṣe gíláàsì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé kò tó, ọsàn kò ṣe dáadáa níbẹ̀, nígbà tó sì di 1841, wọ́n kó àwọn igi náà lọ sí Kensington. Mo máa ń sọ èyí fún ẹni tó bá gbé lẹ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ ní oṣù kejìlá, tó wá ń bi mí léèrè ajílẹ̀. Ajílẹ̀ kò lè di oòrùn. Ohun kejì tí ìgbà òtútù ń ṣe ni pé bí iyẹ̀pẹ̀ bá tutù tó bí ìwọ̀n 13 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, gbòǹgbò ọsàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Bí oòrùn bá wá gba inú fèrèsé pa ewé, tí ìkòkò sì wà lórí ilẹ̀ tútù, ewé á máa bèèrè omi tí gbòǹgbò kò lè fà. Ewé á pọ́n, igi á sì wọ́wé. Ẹni tó bá rí i á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i, gbòǹgbò á sì jẹrà.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí igi ń mú nínú iyẹ̀pẹ̀. Jan Baptist van Helmont, ọmọ ìlú Brussels, ti fi ìkòkò wádìí rẹ̀. Ó wọn iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ 200 pọ́ùn sínú ìkòkò, ó gbin igi wílò tó wọn pọ́ùn 5 sí i, omi nìkan ló sì ń bù sí i fún ọdún 5. Nígbà tó tú u wọ̀n, igi náà ti wọn pọ́ùn 169 àti díẹ̀ lé. Iyẹ̀pẹ̀ kò fi ju nǹkan bí áúnsì 2 lọ dín. Van Helmont parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé omi ni igi fi kọ́ ara rẹ̀. Ní 1648, lẹ́yìn tó ti kú, ni wọ́n tẹ ìwé tí ìwádìí yìí wà nínú rẹ̀ jáde. Áúnsì 2 tó fojú fò dá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé lórí. Inú rẹ̀ ni irin wà, inú rẹ̀ ni màgnésíọ́mù àti sínkì wà, ohun kékeré tí igi kò lè ṣe aláìní.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 ọdún kí ẹnì kan tó ṣí apá kan nínú áúnsì 2 yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Eusèbe Gris, olùkọ́ kẹ́místírì ní Châtillon-sur-Seine ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1843 àti 1844 ló kéde iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú àwọn ewéko tí ewé wọn ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó po iyọ̀ irin mọ́ omi, ó sì dà á sí wọn nídìí: ewé wọn padà tutù. Ó fi omi irin náà kan ojú ewé fúnra rẹ̀: ewé náà padà tutù. Ọmọ rẹ̀, Arthur Gris, tún fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo inú ewé, ó sì fi hàn ní 1857 pé àwọn hóró aláwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ kì í dàgbà dáadáa bí kò bá sí irin. Mo ka iṣẹ́ bàbá àti ọmọ yìí sí ìyípadà tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn náà. Kí wọ́n tó dé, àìsàn ni ènìyàn ń ka ewé pípọ́n sí. Lẹ́yìn wọn, a mọ̀ pé ó lè jẹ́ ebi, ebi ohun kan pàtó tó lórúkọ, tí ènìyàn lè bù fún igi.

Inú kẹ́tù ni ọ̀rọ̀ Gris ti kan àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwa gbé lẹ́mọ́ọ̀nù rẹ̀ wá bá mi. Ewé tuntun tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka ti pọ́n, àmọ́ iṣan ewé, títí dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ṣì tutù minimini, gbogbo rẹ̀ hàn ketekete. Ewé àgbà ìsàlẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń bomi rin ín o, mo sì ń fún un ní ajílẹ̀." Mo ní, "Àbúrò mi, mo gbọ́. Ẹ lọ gbé kẹ́tù yín wá kí n wò ó." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé e. Nígbà tí a ṣí i, ohun funfun líle ti bo inú rẹ̀ yíká. Mo fi èékánná ha á, ó ń bọ́ bí ìpẹ́. Ẹfun ni. Àpáta ẹfun ni apá tó pọ̀ nínú omi Lọ́ńdọ̀nù ti ṣàn kọjá kí ó tó dé ẹnu ẹ̀rọ wa. Omi tó ń fi ẹfun sínú kẹ́tù, òun náà ló ń fi í sínú ìkòkò lójoojúmọ́, láìsí òjò tí yóò ṣàn án lọ. Bí ẹfun bá ti pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, irin tó wà níbẹ̀ á dì, gbòǹgbò kò ní lè fà á mọ́. Igi náà jókòó ti irin, ebi irin sì ń pa á. Omi òjò ni mo ní kí obìnrin náà máa gbè, nínú ike tó gbé sábẹ́ ọ̀nà omi òrùlé, kí ó sì pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ náà sí irú èyí tí wọ́n ń tà fún òdòdó tó kórìíra ẹfun.

Bí a ṣe ń ka ojú ibi tí ewé ti pọ́n, Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ yẹn ti kún. Ọmọ Jámánì kan, Richard Willstätter, ló la ọ̀nà fún un: ó fi hàn pé màgnésíọ́mù wà ní àárín ohun tó ń mú ewé tutù gan-an, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọ̀ inú ewé. Ní Florida, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn, àwọn àgbẹ̀ ń rí i tí ewé àgbà ọsàn ń pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ wá, tí ìdí ewé nìkan ń kù ní tútù. Ní California, ewé tuntun ń jáde ní kékeré, ní tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè láàárín iṣan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni wọ́n rí i pé sínkì ni kò tó fún ti California yìí. Nígbà tó di 1939, A. F. Camp àti B. R. Fudge ní Florida tẹ ìwé tó to àmì ebi ọsàn lẹ́sẹẹsẹ, kí àgbẹ̀ lè fi ewé ọwọ́ rẹ̀ wé àwòrán.

Ohun tó wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí kò ṣòro. Àwọn oúnjẹ kan ṣeé gbé kiri nínú igi: náítírójìn àti màgnésíọ́mù. Bí wọ́n bá dín, igi á gbà á lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé ọmọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni pípọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin àti sínkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá wọ̀ sí ni wọ́n ń jókòó. Bí wọn kò bá wọlé mọ́, ewé tuntun ló ń jìyà, ewé àgbà kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ orí ewé tó pọ́n ló ń sọ irú ebi tó ń pa igi.

Ìtàn ọsàn California tún ní gbòǹgbò kan tó kàn wá. Ọsàn onídodo tí kò ní kóró, tí gbogbo ayé ń jẹ, Bahia ní Bràsíìlì ló ti wá, àdúgbò Cabula ní Salvador sì ni ọgbà rẹ̀ ti gbajúmọ̀. Ìlú yẹn ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ní oko ẹrú. Ní agbègbè Cabula yẹn kan náà, ní São Gonçalo do Retiro, ni Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Aninha, ti dá ilé òrìṣà tí à ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910. Ní 1870, William Saunders tó ń bójú tó ọgbà ìjọba ní Washington gba igi 12 láti Bahia, ó sì ń bí wọn sí i nínú ilé gíláàsì. Ní 1873, Eliza Tibbets ní Riverside, California, gba méjì nínú àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní omi tó fi fọ abọ́ ló fi ń rin wọ́n, nítorí omi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí pé ọsàn yìí kò ní kóró, bíbù lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi mìíràn nìkan la fi ń bí i. Ara igi Bahia yẹn náà ló ń gbé nínú gbogbo wọn.

Ọ̀kan nínú igi méjèèjì ṣì wà láàyè ní Riverside. Nígbà kan, àrùn jíjẹrà mú gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀, igi náà ń kú lọ. Ní 1918, àwọn onímọ̀ gbin ọ̀dọ́ igi ọsàn yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n bẹ́ èèpo ara rẹ̀ díẹ̀ níbi tó ga ju ibi tó ti jẹrà lọ, wọ́n ki orí àwọn ọ̀dọ́ igi náà bọ ibẹ̀, wọ́n sì dì wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di ara kan. Gbòǹgbò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ igi àgbà. Ní 1951 wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ níbẹ̀ fún onígi inú ìkòkò ni pé nígbà tí gbòǹgbò bá ti ń jẹrà, ajílẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò bá wọlé. Àmì rẹ̀ lára ewé ni pé iṣan àárín gan-an ló ń pọ́n, tí ara ewé yòókù sì lè ṣì tutù. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti irin, níbi tí iṣan ti tutù tí ara ewé pọ́n.

Oògùn irin fúnra rẹ̀ kò dé ojú rẹ̀ títí di 1952. Iyọ̀ irin tí Gris lò á ṣiṣẹ́ lójú ewé, ṣùgbọ́n bí a bá dà á sínú ilẹ̀ ẹlẹ́fun, òun náà á dì bí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Lake Alfred ní Florida, Ivan Stewart àti C. D. Leonard lo irin tí wọ́n ti fi ohun mìíràn gbá mú, tí wọ́n ń pè ní EDTA, èyí tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ rí irin náà dè. Àwọn ọsàn tó ti pọ́n sì padà tutù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irú mìíràn dé, EDDHA, tó lágbára ju ìyẹn lọ nínú ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ sí. Òun ni mo ń lò ní Deptford. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi, omi á pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe di ìlànà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbé igi wá, n kì í kọ́kọ́ wo ewé rárá. Mo máa ń ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, máa gbé ìkòkò wò bóyá ó wúwo, máa wo àwo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi dúró níbẹ̀, máa gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn, mo ń fa igi náà yọ láti wo gbòǹgbò: funfun tàbí àwọ̀ igi tó le dára, dúdú tó rọ̀ ti jẹrà, ẹ gé e. Lẹ́yìn náà ni mo ń bèèrè ibi tí igi ń gbé, bóyá oòrùn ń dé ibẹ̀, bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ewé. Bí ewé àgbà bá pọ́n láú, náítírójìn ni. Bí ewé àgbà bá pọ́n tí ìdí rẹ̀ kù ní tútù, màgnésíọ́mù ni. Bí ewé ọmọ bá pọ́n tí iṣan rẹ̀ tutù, irin ni. Bó bá tún kéré tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, sínkì ni. Bí ewé àgbà díẹ̀ bá pọ́n tó sì já bọ́, tí gbogbo igi yòókù dára, ogbó ewé lásán ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe sí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ gbin ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ike ọ̀dà lójúde, ìṣòro yín lè má jẹ́ ẹfun inú omi. Ẹ lu ihò púpọ̀ sí ìdí ike náà. Òjò tó ń rọ̀ léraléra á máa fọ náítírójìn jáde, nítorí náà ẹ máa fi ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì máa da eérú ààrò síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Eérú ń ṣe sí irin bí ẹfun ṣe ń ṣe sí i.

Pípọ́n kan ṣì kù tí ọwọ́ olùtọ́jú kò ká. Àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní huanglongbing. Kòkòrò kékeré tó ń fa omi ewé ló ń gbé e láti igi dé igi, bíbù lẹ̀ mọ́ náà sì ń gbé e. Lin Kongxiang ló fi ti bíbù lẹ̀ mọ́ yìí hàn ní 1956, ní gúúsù Ṣáínà. Àmì rẹ̀ ni pé àbàwọ́n apá ọ̀tún ewé kì í bá ti apá òsì dọ́gba. Ebi máa ń pọ́n ewé ní ìbáramu, ọ̀tún àti òsì bákan náà. Àrùn yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dé São Paulo ní 2004, ó dé Florida ní 2005. Florida tó ká ju mílíọ̀nù 240 àpótí ọsàn lọ ní 2003 sí 2004, kò ká tó mílíọ̀nù 20 ní 2023 sí 2024. Ìjì líle wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n àrùn yìí ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Wọ́n ti fi aṣọ alásẹ́ bo igi Tibbets ní Riverside kí kòkòrò náà má baà dé ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún àwa tí à ń rìn láàárín Èkó, Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Salvador. Mo mọ̀ pé ewé ọsàn wẹ́wẹ́ wúlò fún àgbo, mo sì mọ̀ bó ti ń dùn tó kí ènìyàn gbé ọ̀dọ́ igi láti ilé bàbá rẹ̀ wá. Ẹ má ṣe fi í sínú báàgì. Òfin Ìlú Ọba kò gbà á, ewé kan tó tutù tó sì dára lójú sì lè gbé ẹyin kòkòrò. Ẹ ra igi níbi tí ẹ ń gbé, lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tọ́ ọ. Bí ewé rẹ̀ bá pọ́n, ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.